Páànù Ìyá Rẹ àti Núdù Olódo

Tressa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé kò sí ohun tó ń ṣe ọ́, ṣé ilé alájà mẹ́sàn-án tí o ń gbé ní Denver ṣì dúró? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ màlúù nínú yìnyín, òun ni yóò máa ṣọ́ ọ. Wàá jí ire, wàá sùn ire, ọ̀nà rẹ kò ní dí mọ́ ọ. Tí o bá ń bèèrè tiwa, a dúpẹ́. Màlúù mọ́kànlélógójì ló ti bímọ, ọ̀kan bí ìbejì nínú wọn. Ìjì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ká òrùlé ilé adìyẹ, ó gbé e lọ sórí ilẹ̀ Gus, ọkọ àǹtí Verna, Gus sì ní ohun tó bá ti wọ ilẹ̀ òun ti di tòun, kí n má wulẹ̀ wá gbà á.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo rí ẹrù tí o fi ránṣẹ́ gbà, àti pé láti ọjọ́ náà ẹnu mi ò tíì padé.

Ẹnu géètì ni ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé páálí náà sí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí o ti dìde nídìí tábìlì mi tí o ò padà jókòó sí i, ọjọ́ Kérésì nìkan la ń gbọ́ ohùn ara wa, nítorí náà nígbà tí mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ lára páálí, mo fi ọwọ́ nù ún kí n tó là á. Mo là á. Yéè! Náílọ̀n mẹ́fà ló wà níbẹ̀, omi kún inú wọn, nǹkan funfun gígùn-gígùn kan ló sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ọ̀hún. Aràn ni mo pè é, Tressa. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi oògùn lé irú nǹkan yẹn jáde nínú ikùn màlúù, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ tí mo bí yóò fi ránṣẹ́ sí mi nílé.

Mo wá awò ojú mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé núdù ni. Mo wá yí i padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ka ẹ̀yìn àpò oúnjẹ màlúù, o mọ̀ pé n kì í sanwó oúnjẹ ẹran tí mi ò bá tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá, òdo. Ṣúgà, òdo. Ohun tó ń fún ara lágbára, òdo. Òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀! Àyà mi já. Ẹni tó bá ta irú rẹ̀ fún mi pé kí n fi bọ́ ẹran, ọlọ́pàá ni yóò yà wá. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ní háà, ohun tí ọmọ mi ń jẹ nílùú ńlá rèé! O ní o ò jẹ ẹran mọ́, ẹyin, o ò jẹ, wàrà, o ò mu, oyin pàápàá, o ní kòkòrò ló ni ín, mo ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ti dé orí ká máa jẹ òfo. Kíá ni mo kó ogójì pọ́n-ùn ẹran màlúù sínú kúlà, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Denver, mo ń bọ̀ wá gbà ọ́ lọ́wọ́ ebi.

Mo ní kí n kọ́kọ́ tọ́ núdù náà wò ná. Bí mo ṣe já náílọ̀n kan báyìí, òórùn ẹja ni! Ìwọ tí o ní ohunkóhun tó bá ti mí rí o ò jẹ! Mo gbé e fún Roscoe. Ajá tó ń jẹ ibi ọmọ màlúù láàárọ̀ kùtù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí wàyí. Mo gbé e tọ dókítà màlúù lọ, Halvorsen. Mi ò lọ sọ́dọ̀ dókítà ènìyàn, torí lọ́dọ̀ tiwọn, dígí kan ni wọ́n máa ń gbé lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ìka kọ orúkọ mi sí, tí mo bá kọ ọ́ tán wọ́n á gba dígí náà padà pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ.

Halvorsen rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní aràn kọ́, ẹja kọ́, irú iṣu kan tí wọ́n ń gbìn lọ́hùn-ún ní Japan ni wọ́n fi ṣe é, omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ló ń rùn, kí n ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ní òdo tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́. Ó wá ní Emil, ebi ò pa ọmọ rẹ, ìwọ ni àìsàn ṣúgà wà lára ẹ̀, nítorí tìẹ ló ṣe wá oúnjẹ tí kò ní ṣúgà. Tressa, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé. Èmi tí mo ti ń fi àìsàn yìí pamọ́ fún ọ láti ọdún tó kọjá, tí mo ń kó oògùn sínú agolo ìṣó! Ta ló sọ fún ọ? Má wulẹ̀ dáhùn. Àǹtí Verna nìkan ló máa ń wá yá ìṣó nílé mi.

Mo kó ẹran padà sínú fìríìsà, ojú tì mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú gbogbo aládùúgbò, lọ́jọ́ tí a fi irin gbígbóná sàmì sí àwọn ọmọ màlúù, pé ẹni tí kò bá lè jẹ ohun tó tọ́ ọ dàgbà kó lọ wá tábìlì ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ò purọ́. Ẹni tí mo lé ló ń wá ohun tí màá jẹ tí mi ò fi ní kú.

Ni mo bá ní màá sè é. Mo wá obìnrin tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lórí fóònù, tí o kọ orúkọ rẹ̀ sínú páálí. Kí fóònù tó gbà kí n rí i, ó ní kí n jẹ́rìí pé ènìyàn ni mí, kí n fọwọ́ kan àwòrán tó bá ní iná ojú títì tó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo sọ fún un pé kò sí ọ̀kan ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní èmi kì í ṣe ènìyàn, àfìgbà tí àǹtí Verna wá bá mi jẹ́rìí sí i. Obìnrin náà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oúnjẹ máa jinná. Òpùrọ́! Ó ti gé kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, tàtàṣé, aáyù, àti wàrà ẹ̀wà sóyà tó dì kó tó jáde sí wa. Mo ní màdáámù, ẹ ní sùúrù, kárọ́ọ̀tì tèmi ṣì ní iyẹ̀pẹ̀ lára. Ó sè é tán, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dàbọ̀, èmi ṣì ń wá ọ̀bẹ.

Mo fọ núdù náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo dà á sínú páànù irin ìyá rẹ láìfi òróró sí i, bí obìnrin náà ṣe wí, kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Ó pariwo! Ó ń han bí ọmọ eku, Tressa, lórí iná! Mo fò sẹ́yìn, mo pa iná, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gus tó wá yá àkàbà ní ojú òun rí ẹni tó ń bẹ oúnjẹ lónìí. Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo da ẹ̀fọ́ lé e, mo da omi sóyà dúdú tí obìnrin náà lò lé e, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Èmi tí mo ní ọ̀ọ́dúnrún màlúù nínú pápá, mo lá àwo. Má sọ fún Gus.

Ìgbà tí mo ń nu páànù ni ara mi dédé tutù. Ogójì ọdún ni ìyá rẹ fi din ẹran nínú páànù yẹn, kò fi ọṣẹ kàn án rí. Dúdú tó ń dán lára rẹ̀ yẹn, ọ̀rá ẹran ni látòkè délẹ̀. Ohun tí mo sè tí mo ń pè ní oúnjẹ rẹ, ìwọ fúnra rẹ ò lè fẹnu kàn án.

Mo jókòó tì í pẹ́. O mọ̀ pé láti ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ ti fi ayé sílẹ̀, páànù yẹn nìkan ló ṣì ní òórùn rẹ̀ nínú ilé yìí. Mo gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo da oògùn tí a fi ń bó ọ̀dà lé e, mo fi irin ha á. Àǹtí Verna bá mi níbẹ̀, igbe tó ké, Roscoe sá. Ó ní Emil, orí ẹ ti dàrú, páànù Darlene! Mo ní mo mọ̀. Mo ń ha á, mo ń sunkún, mo ń ha á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí o náwó fún mi. Fi rọ epo sínú táǹkì mọ́tò rẹ, kí o sì wakọ̀ náà wálé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta nínú oṣù tó ń bọ̀ ni a ó sàmì sí àwọn ọmọ màlúù, gbogbo àwọn tó gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí ló máa wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí màá ṣe kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mú atalẹ̀ tútù dání, gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń tà níbí.

Ọlọ́run yóò mú ọ dé láyọ̀, kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n má pẹ́. Mi ò tíì fi òróró kankan pa páànù náà, ìwọ ni mo fẹ́ kí o fi èyí àkọ́kọ́ sí i, irin tó wà níhòòhò kì í sì í pẹ́ dípẹtà. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ gbé e wọlé mi náà nìyẹn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Emil