Aró Tí Mo Fi Kun Ehoro

Ẹ̀gbọ́n mi Fàrídà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí bàbá Taslimah. Ẹsẹ̀ Màámà kò wú mọ́.

Àwòdì ti gbé ehoro tí Taslimah fi sọ́dọ̀ wa. Mo fi aró kùn ún, bí a ti ń ṣe fún òròmọdìẹ lábúlé, kí àwòdì má baà gbé e. Màámà ní, "Olóríkunkun, á túbọ̀ hàn ni!" Ehoro náà ké bí ọmọ ọwọ́ lókè. Báyìí, bí ọmọ kan bá ké ládùúgbò, ojú ọ̀run ni mo ń wò.

Tí ẹ bá ń mú òmíràn bọ̀, inú agbọ̀n onídérí ni kó wà. Ẹ má gbé e sílẹ̀ níbùdókọ̀. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Taslimah. Tó bá pè, ó ṣì máa ń ní kí n gbé fóònù sẹ́nu àgò, kí òun lè bá ehoro òun sọ̀rọ̀.

Àbúrò yín,
Haleem