Mo Ní N Ò Sọ Fún Ẹnì Kankan

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí àwọn ará Ìkirè àti Àpòmù pọ̀ lórí page yìí. Mo parọ́ fún obìnrin kan, ó sì gba irọ́ náà gbọ́, ọkọ ẹ̀ wá fẹ́ tìtorí irọ́ yẹn tẹ̀lé ẹnì kan wọ inú oko lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí... mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa padà wá. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Tíṣà ni mí, primary school ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ìkirè. Àwọn kan wá láti Ìbàdàn lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣe workshop ní Àpòmù, lórí ìṣẹ́ àti òṣì, lórí bí a ṣe ń fojú ẹ̀yà wo ara wa, lórí ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù. Onílẹ̀ àti àlejò máa jókòó pọ̀, Yorùbá, Àgátú, Hausa, Ègùn, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko lágbègbè wa. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn ka ìbéèrè ní Yorùbá torí òyìnbó ni Àǹtí tó ń darí ẹ̀ fi kọ gbogbo ẹ̀. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ló máa parí sí. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ka òfin yẹn sí wọn létí o!

Eré kan wà tí a máa ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo èèyàn á tò sórí ìlà kan, èmi á máa ka ìbéèrè sí wọn létí. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ bàbá ẹ lò ń dáko sí, gbésẹ̀ síwájú. Tí wọ́n bá ti pè ẹ́ lólè rí nítorí èdè tí ò ń sọ, sún sẹ́yìn. Àwa ọmọ onílẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, a ń gún ara wa nígbọ̀nwọ́, ṣe bí eré náà ni lójú wa. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, obìnrin kan ti fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí ibi tó tún lè sún sí mọ́. Màmá Ẹnẹ ni ká máa pè é, orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ Àgátú ni, òun àti ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko obì Alhaji kan lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Yorùbá ẹnu ẹ̀ já gaara ju tàwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lọ.

Àǹtí ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Màmá Ẹnẹ bá sọ pé àwọn ọmọ Alhaji so ọkọ òun mọ́ igi obì láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé ó jí àpò obì, oòrùn pa á débi pé kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Ilé Alhaji gan-an ni wọ́n ti padà rí àpò obì náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Dípò ìyẹn, wọ́n ti àgádágodo mọ́ kànga inú oko, wọ́n ní kí àwọn máa lọ mu omi odò. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni mo sunkún.

Mo délé, mo gbé oúnjẹ tì. Ìyá mi ń dín dòdò tí wọ́n máa tà lọ́wọ́, wọ́n bi mí pé kí ló ṣe mí, mo bá sọ ọ́ fún wọn. Ìyá mi ni kẹ̀! Ta ni mo tún fẹ́ sọ fún? Mo bẹ̀ wọ́n pé kó má jáde, wọ́n ní àwọn ò ní sọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ìyá wa... lójú tiwọn, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe òfófó. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ásárì, wọ́n kó àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ Asalátù wọn sẹ́yìn, ó di ilé Alhaji, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń bá àlejò bẹ̀bẹ̀, pé kó fojú àánú wo àwọn tó wà nínú oko ẹ̀, kí wọ́n má so ọmọ ọlọ́mọ mọ́gi mọ́. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ gbà mí, ọkùnrin mélòó ni wọ́n so mọ́gi nínú oko yẹn?

Ìyá mi délé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, pé Alhaji gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó ṣàdúrà fún àwọn, ó tún fún àwọn lóbì. Ó kàn rọra bi wọ́n pé ta ló mú ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn pé ọmọ àwọn ni tíṣà wọn ní workshop. Háà! Ara mi bù máṣọ. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mi ò lè bínú sí wọn, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Alhaji ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ṣí àgádágodo orí kànga. Màmá Ẹnẹ wá bá mi nílé ìwé nígbà bréèkì, ojú ẹ̀ ń wá sọ́tùn-ún sósì, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé mo sọ ọ̀rọ̀ òun fún ẹnì kan? Ó ní tí mo bá ti sọ ọ́, òun àti ọkọ òun máa kẹ́rù lọ́jọ́ náà, torí àwọn mọ Alhaji, kì í ṣe oore fún ẹni tó bá fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo ní Wallahi, n ò sọ fún ẹnì kankan. Obìnrin yìí dì mọ́ mi! Ó ní a jẹ́ pé Ọlọ́run ló rọ ọkàn ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Alhaji sọ fún ọkọ ẹ̀ (Màmá Ẹnẹ ló padà sọ ọ́ fún mi) pé òun fẹ́ fún un nílẹ̀ díẹ̀ tó máa máa dá fúnra ẹ̀, jìnnà sínú, lẹ́yìn odò. Òun àti àwọn ọmọ òun ló máa mú un lọ wò ó ní Sátidé. Ó ní kí ìyàwó má tẹ̀ lé wọn, kí ọkọ má sì sọ fún àwọn Àgátú yòókù kí wọ́n má bàa jowú. Àwọn ọmọ wo? Àwọn tó so ó mọ́gi náà ni o...

Èmi àti Alhaji pàdé ní Àpòmù lọ́sẹ̀ yìí. Ó dá mọ́tò dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa. Ó ní a kú iṣẹ́ o, tíṣà, pé ó dára bí a ṣe ń kọ́ àwọn àlejò láti la ẹnu wọn, torí ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó wà nínú ẹni tó ń bá a gbé. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣáà ń sọ pé ẹ ṣé sà, ẹ ṣé sà.

Mo pe Àǹtí ìlú Ìbàdàn, mi ò lè sọ ọ́ délẹ̀ fún un. Ṣé ọlọ́pàá ni kí n lọ bá? Kí ni mo fẹ́ sọ, pé ẹnì kan fẹ́ fún ẹnì kan nílẹ̀? Ìyá mi ní mò ń fura òdì, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ la bẹ òṣìkà kó tún ìlú ẹ̀ ṣe, ó ti wá fẹ́ tún un ṣe, mo tún ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n sá lọ, tí wọ́n pàdánù ilẹ̀ tí wọn ò ní láti ọjọ́ yìí? Tí Alhaji bá wá kọjú sí ìyá mi ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn. Ọkàn mi wá bi mí pé ká ní ọmọ Ìkirè ni ọkùnrin yẹn, ká ní mo mọ ìyá tó bí i lọ́mọ, ṣé mo ṣì máa wà níbí tí mo ń rò ó?

Màmá Ẹnẹ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti fọ ẹ̀wù tí ọkọ òun máa wọ̀ lọ, pé kí n bá òun ṣàdúrà fún un, torí èmi nìkan ni òun fọkàn tán ní gbogbo ìlú yìí. Mo ṣàdúrà náà o. Ó ń ṣe àmín, àmín, mo ń gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, òun náà ń ṣe àmín... Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá pè é padà báyìí, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?