Ọmọ Tí Mo Bí Ń Sọ Tinú Rẹ̀ fún Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Solange, ẹ kú iṣẹ́ Libreville o. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ìyá wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé, àgbàdo wa ní Idigny sì ṣe dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń jowú yín. Láti Adakplamè ni àwọn òbí ti ń gbé ọmọ wọn wá sí bíró mi níbi iṣẹ́, pé èmi sikológù, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ, ni mo mọ bí a ṣe ń mú ọmọ tó ti dákẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ tí Aurore ọmọ mi ń sunkún sọ fún yín lórí fóònù pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ò mọ̀ rárá.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Màmá, tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa ń wò mí bí ọmọ tó wá sí bíró yín. Tàńtí kàn máa ń bá mi bínú sí wọn ni."

Ó dùn mí wọra. Ó ṣe mí bíi kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà á.

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin náà ní ẹni tí yóò máa gbọ́ tiyín. Ohun tí Aurore bá bá yín sọ, ẹ má sọ ọ́ fún mi, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ ṣáà máa dáhùn nígbà tó bá pè.

Àbúrò yín,
Pélagie