Òkúta Ojú Ọ̀run Tó Bọ́ Sóko Ìyá Rẹ

Ẹ̀yìn Ọjà,
Manigri,
Bassila.
12 Oṣù Kejì, 2025.

Oumarou, àbúrò mi ará Kútọnu,

Mo kí ọ o. Ara ńkọ́? Latifa ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ta fóònù pọ́tábù ńkọ́? Mo mọ̀ pé o wà láàyè, torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ohùn rẹ lórí Wọ́sáàpù. Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ, àbúrò ìyá mi, nìkan ni wọn ò jẹun dáadáa mọ́, ìyẹn ló sì mú mi kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, iná kan kọjá lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Gbogbo wa la rí i. Ó tàn yòò láti ọ̀nà Alédjo, ó dún gbàù, àwọn ẹran sì tú ká. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni irọ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Zoubérou, àbúrò bàbá rẹ, sáré wọ̀lú pé òkúta ojú ọ̀run ti gbẹ́ kòtò sínú oko kájú ìyá rẹ. N ò ní pè é ní bàbá, ẹnu mi ò gbà á. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú lojú rẹ̀ ti wà lára oko yẹn, ìwọ náà mọ̀. Ó ní ilẹ̀ tí nǹkan ojú ọ̀run bá ti kàn, obìnrin ò gbọdọ̀ ro ó mọ́, kó padà sọ́wọ́ ọkùnrin ilé. Ta ló gbọ́ irú èyí rí ní Manigri?

Mo lọ wo kòtò ọ̀hún. Háà! Ewúrẹ́ tó lóyún lè fò ó. Apá kan ṣoṣo ni gbogbo erùpẹ̀ rẹ̀ wà, àmì ọkọ́ sì hàn gbangba lára rẹ̀. Òkúta tó bá tòkè wá, yíká ló máa ń fọ́n erùpẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí Gánà láyé ọjọ́un, ihò tó dá sílẹ̀ di adágún ńlá tí àwọn abúlé yí ká, tí wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀ títí dòní. Ti Zoubérou ò lè gba omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Òkúta tó gbé jáde níbẹ̀ wá ńkọ́? Ìdàrọ́ ni, Oumarou! Ìdàrọ́ tí àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ dà nù, tó wà ní òkìtì òkìtì lọ́nà oko, tí èmi àti ìwọ máa ń jókòó lé jẹ máńgòrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọ lẹ́sẹ̀ nígbà kan! Wọ́n wá fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o sì dá wọn lóhùn bí ọ̀mọ̀wé pé, "Òkúta ojú ọ̀run gidi ni. Ẹ sọ fún ìyá mi kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀." O tún gbé fótò náà káyé. O kú iṣẹ́ o! O kú làákàyè! Àwọn èrò gun alùpùpù láti Bassila wá wòran, wọ́n tẹ ebè iṣu tí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹbí pé jọ sílé Bàbá Bàdírù, àgbà ilé yín. Bàbá gbé òkúta náà, wọ́n yí i wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Zoubérou, ṣé wọ́n ti ń yọ́ irin lọ́run báyìí ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti parí. Ni aláìnítìjú yẹn bá fa pọ́tábù yọ, ó tẹ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí i. Bàbá ní irọ́ ni ti òkúta, ṣùgbọ́n ọmọ tó jogún ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dé oko náà títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi wá sọ ohun tó wà nínú rẹ lójú gbogbo ẹbí. Bí ààwẹ̀ bá wọlé tí o ò dé, Zoubérou ló ni ín. Kájú ti ń já bọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣà á.

Ìyá rẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn ò tiẹ̀ bú Zoubérou. Wọ́n kàn dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ sílé.

Bá mi kí Latifa àtàwọn ọmọ. Àwọn ará ilé ní kí n kí ọ, àwọn tó ṣì fẹ́ kí ọ nínú wọn.

Nígbà tí mo bá ìyá rẹ wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n tún ohùn yẹn tẹ̀ fún àwọn, bóyá kì í ṣe ìwọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni.

Má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Máa bọ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
Rahimatou.