Ọ̀gá Ọlọ́pàá Inú Ìwé Wa

Bọ̀dá mi,

Ara mi le koko bí ọta, ẹ má wulẹ̀ dààmú.

Ṣé ẹ rántí akọni tó ń fi aṣọ bojú nínú ìwé aláwòrán tí ẹ máa ń kà fún mi? Tó bá ti fa olè dé àgọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi náà mú ẹni tó já báàgì ìyá àgbà kan gbà, mo fà á lọ bá àwọn ọlọ́pàá ìlú òyìnbó níbí. Wọ́n ní kí olè máa lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n mú pépà ìgbélùú wá. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.

Yàrá tí mo wà báyìí mọ́ tónítóní. Okùn bàtà mi nìkan ni wọ́n gbà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Tí ẹ bá ń ka ìwé yẹn fún ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ojú ewé tí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Àbúrò yín.