Omi Fíksà àti Ẹ̀dọ̀ Ẹja Àrọ̀

Ẹ kú ulé o, Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ fọ́tò. Màmá mi, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bọ̀sẹ̀, àbúrò mi, ṣé ara Tèmítọ́pẹ́ ọmọ rẹ le? Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.

Ìgò ni mo ń fọ̀ ní yunifásítì kan nílùú òyìnbó níbí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú. Òtútù yìí kì í ṣe ọyẹ́ Adó rárá. Gbogbo ìka mi ló ti là. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí lórúkọ títí n ó fi sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tí mo ń fọ ìgò fún ń sin ẹja sínú àpótí dígí. Ó ń kán fàdákà sómi wọn, èyí tó kéré ju ohun tójú lè rí lọ, kó lè mọ ibi tó ń wọ̀ lára wọn. Ó ní ẹja ń gbé e mì, ó sì ń gba ibi tó fi ń mí wọlé. Wíwọlé rẹ̀ yá ju jíjáde lọ. Ẹran ara ò fi bẹ́ẹ̀ ní in, ẹ̀dọ̀ ló ń kóra jọ sí.

Mo bi í níbo ni fàdákà ti ń dé inú odò. Ó ní omi tí àwọn onífọ́tò ń dà nù wà lára rẹ̀. Háà! Bàbá mi, omi fíksà tẹ́ ẹ fi ń mú àwòrán dúró lórí pépà, gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa l'Ókè-Ìlá lẹ ń dà á sí, kòtò ẹja àrọ̀ yín ló sì ń ṣàn lọ. Èmi alára ti dà á síbẹ̀ láìmọye ìgbà.

Mo mọ̀ yín. Ẹ ó ní ta ni mo rò pé mo jẹ́, èmi tí kì í fọ abọ́ tí mo fi jẹun nílé. Ẹ ó ní iṣẹ́ yẹn ló rán mi níléèwé. Òótọ́ ni, n ò bú iṣẹ́ yín. Ẹ̀dọ̀ yẹn ni ò kúrò lọ́kàn mi. Torí pé kò légungun, Màmá máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ fún ọmọ tí ò tíì léyín. Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n bóyá fàdákà inú ẹ̀dọ̀ lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Ó ní òun ò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ máa rọ omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ dé e pa. Màmá, ẹ má fún Tèmítọ́pẹ́ lẹ́dọ̀ ẹja yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lonífọ́tò tó ń sin ẹja.

Fọ́tò Tèmítọ́pẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ wà lórí tábìlì mi. Ó la ẹnu gbàgà, epo wà lágbọ̀n rẹ̀, ṣíbí Màmá ń bọ̀. Ẹ ò kọ ohun tó ń jẹ sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ ibi tí omi tẹ́ ẹ fi ṣe fọ́tò náà ṣàn lọ.

Ọlọ́run á dá gbogbo yín sí fún mi. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi gbé Tèmítọ́pẹ́ mọ́ra.

Ọmọ yín,
Délé