Ta Ló Rí Bàbá Onífìlà?

Ọjọ́ Ajé, 3 Júláì 2006

Ilé ìwòsàn láti àárọ̀. Ọkàn Màámi ò lágbára mọ́. Dókítà ní kí wọ́n jáwọ́ nínú gbígbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, kí wọ́n yé lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ra ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo wá tà ní Ìkòròdú níbí. Nọ́ọ̀sì mú káàdì jáde. Orúkọ? Ṣẹ̀rífátù. Orúkọ bàbá? Màámi wojú mi. Mo ní kí ó kọ Àwẹ̀ró, orúkọ ìyá wọn, bí a ṣe máa ń ṣe.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́: "Hàbíbàt, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Ṣé bàbá mi já mi sílẹ̀ ni, àbí nǹkan ló ṣe é?"

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Nígbà èwe wọn, Ọmọ Òyìnbó-Sá-Lọ ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lára wọn. Ara tèmi náà ò balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júláì

Ohun tí mo ní lọ́wọ́: fọ́tò kan, ti bàbá Màámi. Òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́, etí ńlá bíi tèmi, fìlà pẹlẹbẹ lórí. Bàbá Onífìlà ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yìn fọ́tò — H. Lewin, Ìkòròdú, 1937. Ẹ̀kùrọ́ ló ń rà kiri. Ní 1939 ó ní òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, pé òun á dé lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ ọdún méjì ni Màámi.

Ọjọ́ kẹta ọ̀hún la ṣì ń retí.

Ọjọ́rú, 12 Júláì

Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Eruku. Mo sín títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwé orúkọ àwọn àlejò tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, 1934: Lewin, Herman. Ará Jámánì. Ẹ̀sìn: Júù.

Júù kẹ̀. Àwa tí a rò pé gbogbo òyìnbó ni Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọọmọ Júù ni mí, mo sì ń gbààwẹ̀ Ràmádáànì.

Akọ̀wé ní ìlú wọn ò rọgbọ fún àwọn Júù nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló sá jáde. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó ti sá rí lè tún sá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Júláì

Ìbàdàn síbẹ̀. Ìwé ìròyìn, Ọ̀kítóbà 1939. Mo rí i — ì bá sàn kí n má rí i. Ogun ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba ní kí gbogbo ará Jámánì yọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lára àwọn tí kò yọjú: Lewin, H. A kò mọ ibi tó sá gbà.

Sá. Àwọn ọmọ àdúgbò ò kúkú parọ́.

Ẹtì, 14 Júláì

Mo sọ fún Màámi pé ìwé pọ̀, mi ò tíì kà á tán. Irọ́ burúkú.

Àìkú, 16 Júláì

Wọ́n kà á lójú mi. "Ó sá, àbí?" Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. "Ṣebí mo ti mọ̀." Inú ń bí mi sí Bàbá Onífìlà bíi pé ó jókòó tì mí.

Àbámẹ́ta, 22 Júláì

Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ Ìmọ́tà, ọkọ̀ Ìtọ́ìkín, ìdí ń ro mí. Bí kò bá sá, ó ní láti wà nínú ilẹ̀ níbì kan. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì méjì — mo ka orúkọ ara òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí Lewin. Mùsùlùmí ń wá Júù láàárín Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín.

Mo yà sí Ọjà Olúwo kí Ìyá Mùlíkátù, ẹni tó ń ta ẹja fún Màámi. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó ní kí n gbé e lọ bá Alájì Bísíríyù, pé bàbá rẹ̀ ló ń wẹ òkú fún gbogbo Mùsùlùmí àdúgbò nígbà ayé rẹ̀. Mo ní òkú òyìnbó ni mò ń wá. Ó ní kí n yé jiyàn. Alájì ò sí nílé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 25 Júláì

Mi ò lè jókòó. Mo máàkì ìwé ọmọ kíláàsì mi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, máàkì ò bára mu.

Àbámẹ́ta, 29 Júláì

Alájì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin, ojú rẹ̀ ṣì ríran kedere. Ó wo fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó Mùsùlùmí." Mo ní Júù ni, bàbá. Ó ní ta ló sọ fún mi.

Alájì ní ibà ló dá a wó, nínú yàrá tó háyà lẹ́bàá ọ̀sà. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sin. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wí tiwọn: kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kì í tajà, kì í rajà. Fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá Alájì kó wá wò ó. Wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ — ó ti kọlà, bí gbogbo ọkùnrin tiwa. "Òyìnbó wo ló ń kọlà? Ọ̀rọ̀ parí." Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, kò yé mi èwo ni mò ń ṣe. Mo ní ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan. Alájì gbé ìwé òkú mọ́ṣáláṣí wọn jáde, tí bàbá rẹ̀ fi hárúfù Lárúbáwá kọ. Oṣù Rájábù, ìyẹn Ọ́gọ́ọ̀sì sí Sẹ̀tẹ́ńbà 1939: ó ti kú kí àwọn ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ Lewin kankan ní Ẹ̀pẹ́. Orúkọ tó sọ fún gbogbo ọjà pé kí wọ́n máa pe òun ni wọ́n kọ. Ó fi ìka tọ̀ ọ́, ó kà á fún mi.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Màámi ni kó kọ́kọ́ ní in.

Àbámẹ́ta, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Dókítà ní kí Màámi má lọ. Wọ́n lọ.

Nígbà tí a dé itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n dúró. Ẹsẹ̀ ògiri ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀ sí, tí wọ́n á dúró de ọkọ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ. Wọ́n kàn fọwọ́ pa ògiri náà.

Alájì mú wa dé ibẹ̀. Koríko lásán, kò sí òkúta, kò sí nǹkan kan. Ó ṣí ìwé. Ó kà á: "Òyìnbó kan. Bàbá Ṣẹ̀rífátù."

Màámi ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n ní ṣé kò sí orúkọ mìíràn níbẹ̀. Alájì ní kò sí, orúkọ yẹn nìkan ló ń jẹ́ níbí.

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. "Bàbá mi, ẹ kú ilé," ni wọ́n wí. "Ṣẹ̀rífátù yín rè é."